Àpótí tí mo fi pamọ́ sáàárín àwọn igi ọlọ́dún méjì: àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú igbó tuntun kan ní Hertfordshire

Láàárín oṣù kẹrin àti oṣù kẹfà ọdún 2022, àpótí kékeré kan tí mo fi pamọ́, fún eré wíwá àpótí tí wọ́n ń pè ní geocaching, sínú igbó tuntun kan ní Hertfordshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú kí àwọn ènìyàn tú ike ààbò tó wà lára igi mẹ́tàlélógún, kí wọ́n tẹ koríko àyíká wọn mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì ṣẹ́ orí mẹ́rin nínú àwọn igi náà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ní in lọ́kàn láti ba nǹkan jẹ́. Àwọn tó wá àpótí náà wá a bí wọ́n ṣe máa ń wá àpótí níbi gbogbo, èmi tí mo sì gbé e pamọ́ ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ilẹ̀, síbẹ̀ igi fara gbọgbẹ́. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nítorí pé mo fẹ́ràn eré yìí, mo sì fẹ́ràn igbó náà, n kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe irú àṣìṣe mi. N kò ní dárúkọ igbó náà, nítorí ó kéré, ẹsẹ̀ tó ti wọ ibẹ̀ sì ti tó.

Geocaching ni orúkọ eré náà. Ẹnìkan yóò gbé àpótí pamọ́ síbì kan, yóò fi GPS, ètò sátẹ́láìtì tó ń sọ ibi tí ènìyàn wà, mú nọ́ńbà ipò ibẹ̀, yóò sì gbé nọ́ńbà náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn yóò fi fóònù rẹ̀ wá a lọ, bí ó bá sì rí i, yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sínú ìwé pélébé tó wà nínú rẹ̀, yóò dá a padà sí ibi tó ti mú un, yóò sì máa lọ. Eré náà kò tíì pẹ́ láyé. Kí ó tó di ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da àmì GPS rú mọ́ aráàlú lọ́wọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà ṣìnà. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n dáwọ́ èyí dúró, ní ọjọ́ kẹta ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer sì gbé korobá kan pamọ́ sínú igbó nítòsí Beavercreek, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, tó sì kéde nọ́ńbà ipò rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wá a. Láti ìgbà náà ni àwọn òfin ti ń yọjú: a kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ sin àpótí láìjẹ́ pé onílẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, a kò gbọdọ̀ pa ohun alààyè lára láti fi í pamọ́, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, àpótí méjì kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ara wọn ju mítà 161 lọ.

Ó yẹ kí n sọ irú igbó tó jẹ́ pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Igi ìbílẹ̀ ní Britain ni igi tó dé erékùṣù náà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí yìnyín ńlá ayé àtijọ́ yọ́, kí omi òkun tó gé ilẹ̀ náà kúrò lára Yúróòpù: oak, hazel, silver birch, field maple, hawthorn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Sycamore àti horse chestnut tí a ń rí káàkiri kò sí lára wọn, ọwọ́ ènìyàn ló gbé wọn dé. Lónìí, igbó kò bò ju nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 ilẹ̀ United Kingdom lọ, ti England nìkan tilẹ̀ kéré sí bẹ́ẹ̀, èyí ló fà á tí àwọn ènìyàn fi ń gbin igi sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dáko ọkà tẹ́lẹ̀. Èyí tó lókìkí jù lágbègbè wa ni Heartwood Forest ní Sandridge, nítòsí St Albans. Ọdún 2008 ni Woodland Trust, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń dáàbò bo igbó, ra ilẹ̀ náà, tó jẹ́ héktà 347. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbin igi ní 2009, nígbà tó sì fi di 2018, igi tí ọwọ́ àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ti gbìn síbẹ̀ ti tó 600,000. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé igbó tí a gbìn kì í jọ igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Pápá tí wọ́n ri èèkàn mọ́ ló ń jọ.

Igbó inú ìtàn yìí kò ju héktà mẹ́rin lọ. Ilẹ̀ ọkà báálì ni tẹ́lẹ̀, ìgbìmọ̀ abúlé kan ló sì ni ín. Ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 2020 ni a gbin igi rẹ̀, èmi àti ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, sì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé méjì. A kò gbin igi ash kankan, nítorí àrùn tó ń pa á, tí wọ́n rí ní Britain ní ọdún 2012, tó sì mú kí ìjọba fòfin de kíkó irúgbìn rẹ̀ wọlé ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Mítà méjì ló wà láàárín igi kan àti èkejì. Igi kọ̀ọ̀kan ní èèkàn onígi kan àti ike ààbò tó ga tó mítà 1.2, nítorí pé àgbọ̀nrín wà lágbègbè náà, wọ́n sì ń jẹ orí igi kékeré. Ní ìsàlẹ̀, ẹni tó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ní kí a fi ọwọ́ ti ike náà wọ inú ilẹ̀ díẹ̀, kí eku inú koríko má baà rí àyè wọlé lọ họ èèpo ìdí igi jẹ. Bí eku bá họ èèpo náà yíká, igi kú nìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún méjì, mo kọ̀wé sí akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà pé mo fẹ́ fi àpótí kan pamọ́ lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń gé koríko rẹ̀, èyí tó la àárín igbó náà kọjá. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò, wọ́n sì fún mi ní àṣẹ: n kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀, n kò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ igi, àpótí kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí ọ̀nà. Mo pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Mo rí ike ààbò kan tí igi inú rẹ̀ ti kú, mítà mẹ́fà péré sí ọ̀nà. Mo fi ìgò ike kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń tọ́jú fíìmù kámẹ́rà sí láyé àtijọ́, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fi ewé gbígbẹ bò ó, mo sì padà sílé pẹ̀lú ìdùnnú ńlá. Lójú mi, kò sí ohun alààyè kan tí mo pa lára, nítorí igi tó ti kú ni. Ohun tí n kò sọ fún ìgbìmọ̀ ni bí mo ṣe máa gbé e pamọ́. Ibi tí yóò wà nìkan ni mo sọ. Wọn kò béèrè, n kò sì ronú pé ó yẹ kí n sọ.

Lórí ìwọ̀n ìṣòro tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 5, mo fún un ní 3.5. Olùfipamọ́ ní àǹfààní láti fi àmọ̀ràn kan kún ọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń fi lẹ́tà tí a sún síwájú ní ipò mẹ́tàlá nínú álífábẹ́ẹ̀tì kọ, kí ẹni tí kò fẹ́ kà á má baà ṣèèṣì rí i. Ohun tí èmi kọ síbẹ̀ ni pé ọ̀kan kò dà bí ìyókù. Nígbà tí mo bá ń rántí gbólóhùn yẹn báyìí, ó máa ń dùn mí, nítorí pé òun gan-an ló rán àwọn ènìyàn láti lọ yẹ gbogbo ìyókù wò.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ dára. Àwọn tó rí i dúpẹ́, wọ́n sì yìn ín pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Nígbà tí oṣù karùn-ún ń parí lọ, àwọn tí kò rí i bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀. Ẹnìkan kọ̀wé pé òun àti ìyàwó òun ti wo nǹkan bí ọgbọ̀n ike kí àwọn tó padà sílé. Mo ka ọ̀rọ̀ náà, inú mi sì dùn pé àpótí mi le. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí bó ṣe rí, nítorí ọjọ́ yẹn gan-an ni ó yẹ kí n ti lọ gbé e kúrò: ẹni náà ti sọ fún mi, kedere, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe sí ọgbọ̀n igi, orí ìyìn ara mi nìkan ni mo wà.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó bí ìṣirò, nítorí ìṣirò ló là mí lójú níkẹyìn. Fóònù sábà máa ń fi nǹkan bí mítà 5 ṣìnà níbi tí ojú ọ̀run bá ti ṣí sílẹ̀. Fóònù tèmi ṣìnà nígbà tí mo ń mú nọ́ńbà ipò, fóònù ẹni tó ń wá àpótí náà sì ṣìnà nígbà tó débẹ̀. Bí àṣìṣe méjèèjì bá pàdé, ó lè di mítà 10. Òbìrí tó jẹ́ mítà 10 láti àárín dé etí gba ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 314. Níwọ̀n bí igi tí a gbìn ní mítà méjì síra ti ń gba mítà onígun mẹ́rin 4 lọ́kọ̀ọ̀kan, igi tó wà nínú òbìrí yẹn tó 78, irú ike kan náà ni gbogbo wọn sì wọ̀. Nínú igbó àtijọ́, àwọn nǹkan díẹ̀ ni ojú ẹni tó ń wá àpótí máa ń lọ bá: ihò ara igi, kùkùté, gbòǹgbò tó yọ síta. Igi ńlá kò sì ní nǹkan kan ṣe bí ọwọ́ ènìyàn bá fi kàn án. Ṣùgbọ́n nínú igbó ọlọ́dún méjì, kò sí ihò, kò sí kùkùté, kò sí ohunkóhun tí ọwọ́ lè yẹ̀ wò àyàfi àwọn ike tó ń dáàbò bo igi, èyí sì túmọ̀ sí pé mo ti sọ ààbò igi di ohun tí wọ́n ní láti tú.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹfà ni bàbá àgbàlagbà kan nínú àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni, tó máa ń rìn yíká igbó náà ní àràárọ̀, kọ̀wé sí mi pẹ̀lú sùúrù. Ó ní òun rò pé àpótí mi ló fa ohun tí òun rí. Sátidé tó tẹ̀lé e ni èmi àti ọmọ mi lọ. A kò tíì kúrò lórí ọ̀nà tó fi pè mí. “Dádì, ẹ wò ó, ọ̀nà mìíràn ti wà níbí.” Lóòótọ́ ni. Koríko tó ga dé orúnkún níbi gbogbo ti dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ó gùn láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wọ àárín igi, ó sì fẹ̀ yíká ní ìparí bí ibi tí ẹran sùn sí. Ẹni àkọ́kọ́ kò lànà kan, ó kàn rìn kọjá ni. Ẹni kejì rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tẹ̀lé e, ẹni kẹwàá kò sì tún nílò fóònù láti mọ ibi tí yóò gbà wọlé.

A kà wọ́n. Mẹ́tàlélógún ni ike tí wọ́n ti tú tàbí fà sókè, mẹ́sàn-án nínú wọn kò sì kan ilẹ̀ mọ́, àlàfo tó tó ìka méjì ti wà ní ìsàlẹ̀ wọn. Igi hazel kan ti ní ojú eyín eku lára. Èyí tí n kò retí ni igi mẹ́rin tí orí wọn ti ṣẹ́, nítorí n kò mọ bí ẹni tó kàn ń wo inú ike ṣe lè ṣẹ́ igi tó wà nínú rẹ̀. Bàbá náà ló fi hàn mí. Ẹ̀ka igi kékeré kọjú sókè, nítorí náà bí ènìyàn bá fa ike sókè, ó máa ń yọ̀ kúrò lára igi láìsí wàhálà, ẹni náà á sì rò pé òun kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tó bá ń tì í padà sísàlẹ̀ ni etí ike yóò kọ́ ẹ̀ka àti orí igi náà, tí yóò tẹ̀ wọ́n kọ orí sísàlẹ̀ títí wọn yóò fi ṣẹ́. Ẹni tó fara balẹ̀ dá ike padà bí ó ti bá a ló ṣẹ́ igi, ẹni tó fi í sílẹ̀ gbalaja kò ṣẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ṣí i sílẹ̀ fún eku àti àgbọ̀nrín.

Oko kòkó bàbá mi ni mo rántí bí mo ti dúró níbẹ̀. Ní ọdún tí ó bá gbin kòkó tuntun sábẹ́ ìbòòji ọ̀gẹ̀dẹ̀, kì í jẹ́ kí àwa ọmọdé gba àárín rẹ̀ kọjá rárá, kódà bí a bá ń sáré bọ̀ nínú òjò. A ní láti yí gbogbo etí oko náà ká. Mo ka á sí líle nígbà náà. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ kì í mọ èyí tó jẹ́ koríko yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ igi ọjọ́ iwájú, ọmọ tó ń wá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò sì burú, bọ́ọ̀lù tó bọ́ sáàárín kòkó ni wàhálà.

Mo gbé ìgò náà kúrò lọ́jọ́ yẹn, mo sì ti ojú-ìwé àpótí náà pa fún ìgbà díẹ̀ kí a tó dé ilé. Lẹ́yìn náà ni mo kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, mo sì fi kún un pé n kò ṣàlàyé bí mo ṣe gbé e pamọ́ fún wọn nígbà tí mo ń gba àṣẹ. Mo rò pé wọn yóò ní kí n má ṣe gbé àpótí wá síbẹ̀ mọ́ láé. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n wá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tún àwọn ike náà ṣe, kí n sì mú àbá tuntun wá nígbà tí mo bá ní in. Ọ̀sán Sátidé méjì ni a fi so okùn tuntun mọ́ èèkàn, tí a sì ti ìdí ike padà wọ ilẹ̀, tí a ń fi ìka kó ẹ̀ka jọ sókè kí ike tó gba orí wọn kọjá.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni ooru ńlá dé. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù keje ọdún 2022, ooru tó 40.3 lórí ìwọ̀n Celsius ní Coningsby, ní Lincolnshire, irú èyí tí wọn kò tíì wọ̀n rí ní United Kingdom. Ilẹ̀ amọ̀ tó wà nínú igbó wa là fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀. Nígbà tí a ka igi ní ìparí oṣù kẹsàn-án, méje nínú mẹ́tàlélógún náà ti kú. Mo lè sọ pé ọwọ́ àwọn tó ń wá àpótí ló pa méjèèje, ọ̀rọ̀ mi ì bá sì lágbára sí i, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ òtítọ́. A ka igi mẹ́tàlélógún mìíràn ní ìlà tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, márùn-ún ti kú níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ méjì kò tó láti gbé ẹjọ́ kalẹ̀. Ohun tí mo lè dúró lé lórí ni ohun tí mo fi ojú rí ní oṣù kẹfà, kí ooru tó dé: orí mẹ́rin tó ṣẹ́, eyín eku lára hazel, àti ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ti kì mọ́lẹ̀. Nígbà tí òjò díẹ̀ rọ̀ ní oṣù kẹjọ, omi rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀ yẹn dípò kí ó wọlé.

Nígbà tí mo fẹ́ gbé àpótí náà padà, n kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ibi tó wù mí mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè kan: bí ẹni tó ń wá a kò bá rí i fún ìṣẹ́jú ogún, kí ni ọwọ́ rẹ̀ yóò máa fà, ibo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa tẹ̀? Ìdáhùn náà gbé mi dé etí igbó, níbi tí géètì irin àtijọ́ kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tí gbogbo ará ìlú ń gbà, pẹ̀lú àwọn igi hawthorn tó ti dàgbà tí wọ́n fi ṣe ọgbà oko náà tipẹ́tipẹ́. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ àgbẹ̀ ń gbà á kọjá. Àpótí tuntun náà ní òòfà ní ìdí, abẹ́ irin géètì ló lẹ̀ mọ́. Mítà 140 ni sí ibi àkọ́kọ́, òfin sì gbà mí láyè láti yí nọ́ńbà ipò padà fúnra mi bí kò bá ti kọjá 161, ṣùgbọ́n mo kọ̀wé sí olùyẹ̀wò, ẹni tó ń yẹ àpótí wò kí ó tó jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé àṣẹ tí mo gbà tẹ́lẹ̀ kì í ṣe fún géètì. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ya àwòrán ibi tí yóò wà gan-an fún ìgbìmọ̀. Mo dín ìṣòro rẹ̀ kù sí 1.5. Ní òkè ojú-ìwé náà, kí ẹnikẹ́ni tó ka ohunkóhun mìíràn, ni mo kọ ọ́ sí pé àpótí kò sí lára igi kankan, kò sí nínú ike kankan, ẹni tó bá sì ti kúrò lórí òkúta ti ṣìnà.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ máa ń rìn fún eré yìí, Yorùbá bíi tèmi, tó sì ti wá àpótí fún ọdún tó ju tèmi lọ, kò fara mọ́ ohun tí mo ṣe. Wọ́n ní kò yẹ kí àpótí kankan wà nínú tàbí lẹ́bàá igbó tuntun títí igi yóò fi ga ju ènìyàn lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn, mo sì gbà pé fún àárín igbó, òótọ́ ni. Bí ìgbìmọ̀ mìíràn bá bi mí léèrè, ohun tí èmi náà yóò sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ti etí igbó, mo sọ fún wọn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò wá mú ṣọ́bìrì bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ pé igbó náà wà?” Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, nígbà tí a fẹ́ fi igi tuntun rọ́pò àwọn tó kú, mo fi ọjọ́ iṣẹ́ náà sí ojú-ìwé àpótí. Àwọn mẹ́ta wá láti inú àwọn tó ti wá àpótí náà rí, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọkùnrin tó wo ọgbọ̀n ike pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó gbin igi méjìlá lọ́jọ́ náà, ó sì béèrè bí wọ́n ṣe ń ti ìdí ike wọ ilẹ̀ kí ó tó gbin èyí àkọ́kọ́.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú tí wọ́n là sáàárín igi ti parẹ́ nígbà tó fi di oṣù karùn-ún ọdún 2023, koríko ti bò ó. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni mo ń lọ wo àpótí ìdí géètì, láti pààrọ̀ ìwé rẹ̀ bí omi bá wọ̀ ọ́, láti wo ẹ̀gbẹ́ òkúta bóyá ẹsẹ̀ ti ń yà kúrò lórí rẹ̀. Ike tí mo kọ́kọ́ fi ìgò pamọ́ sí ṣì wà níbi tó wà, mítà mẹ́fà sí ọ̀nà. Hazel ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Ọmọ mi ló gbìn ín ní oṣù kejìlá yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì ti ìdí ike náà wọ ilẹ̀.